Rọ́kẹ́ẹ̀tì Alágbára: Bí A Ṣe Ń Yan Ohun Èlò Rẹ̀ Àti Bí A Ṣe Ń Fi Fáíbà Bò Ó

ÀRÒKỌ AṢÀLÀYÉ

Ọ̀rọ̀ ìṣáájú fún akẹ́kọ̀ọ́

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí o ń múra sílẹ̀ de ìdánwò, rántí pé àròkọ aṣàlàyé kì í ṣe ìtàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àríyànjiyàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó mú ohun tí ó ṣókùnkùn sí òǹkàwé wá sí ojú ìmọ́lẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ olùkọ́, àṣìṣe kan wà tí mo máa ń rí jù lọ nínú irú àròkọ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ a to orúkọ nǹkan sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bí ìgbà tí ìyá aláàtẹ bá ń ka ọjà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sọ ìdí tí a fi lo èyí tí a kò fi lo ìyẹn. Ẹni tí ó sọ ohun tí a ń ṣe, tí kò sọ ìdí tí a fi ń ṣe é, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe. Kò sì yẹ kí ó retí ju ìdajì máàkì lọ.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú orí ọ̀rọ̀ tí ó jìnnà sí ilé wa fún àpẹẹrẹ yìí, kí o lè fi ojú ara rẹ rí i pé bí ohun kan ti wù kí ó ṣàjèjì tó, èdè Yorùbá tó láti fi ṣàlàyé rẹ̀. Wo ìlapa èrò yìí kí o tó ka àròkọ náà:

(a) Ìfáàrà: ohun tí rọ́kẹ́ẹ̀tì alágbára jẹ́ àti àwọn tí ń ṣe é.
(b) Ìyà tí ń jẹ rọ́kẹ́ẹ̀tì láti ìgbà tí ó bá ti gbéra títí tí yóò fi balẹ̀.
(d) Àwọn ohun èlò tí a lè yàn, àti ìdí tí a fi ń yàn wọ́n.
(e) Ìwúwo: iye tí a ń san fún agbára.
(ẹ) Oje tí a fi ń lẹ aṣọ fáíbà.
(f) Bí a ṣe ń fi fáíbà bo ara rọ́kẹ́ẹ̀tì.
(g) Bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ ìyẹ́ múlẹ̀.
(gb) Ìṣọ́ra àti ìkádìí.

ÀRÒKỌ

Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín kì í ṣe èyí tí ó ń gbé ènìyàn lọ sí òṣùpá, kì í sì í ṣe ohun ìjà. Eré ọwọ́dilẹ̀ ni, ṣùgbọ́n eré àgbà ni. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn kan wà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti dé láti ibi iṣẹ́, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà lọ láti máa fi ọwọ́ ara wọn ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó ga ju ènìyàn lọ. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tí ń tọ́ wọn sọ́nà. Ọ̀kan ni National Association of Rocketry, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1957. Èkejì ni Tripoli Rocketry Association. Ẹ̀rọ tí ń ti rọ́kẹ́ẹ̀tì náà sókè, rírà ni ọ̀pọ̀ wọn ń rà á lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí a fún láṣẹ láti ṣe é.

Lẹ́tà ni a fi ń mọ agbára ẹ̀rọ wọ̀nyí. Òkè agbára tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lè ní jẹ́ ìlọ́po méjì ti èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Láti A títí dé G ni ti àwọn kékeré. Láti H lọ sókè, níbi tí agbára àpapọ̀ ẹ̀rọ ti kọjá 160 Newton-sẹ́kọ́ńdù, ni a ń pè ní alágbára. Ẹni tí yóò bá yin irú èyí ní láti gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ìpele mẹ́ta ni ìwé ẹ̀rí náà sì ní: H àti I ni ìpele kìn-ín-ní, J dé L ni ìkejì, M dé O ni ìkẹta. Yàtọ̀ sí èyí, a ní láti gba àyè lọ́wọ́ àjọ ìjọba tí ń bójú tó òfuurufú, kí rọ́kẹ́ẹ̀tì má baà pàdé ọkọ̀ òfuurufú lọ́nà.

O lè bi mí pé kí ni ìwé ẹ̀rí ń wá nínú eré. Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó wọn kìlógíráàmù 5, tí ó gòkè ju kìlómítà kan lọ, bí ìyẹ́ rẹ̀ bá ya lókè, tàbí bí okùn páráṣúùtì rẹ̀ bá já, kò sí ẹni tí ó mọ orí ẹni tí yóò bọ́ lé. Nítorí náà, yíyan ohun èlò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà tàbí ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Kí a tó mọ ohun tí ó yẹ kí a fi ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìyà tí yóò jẹ ẹ́. Ìyà mẹ́ta ni. Èkíní ni títì tí ẹ̀rọ ń tì í láti ìdí. Gbogbo agbára yìí ń bọ́ sórí àwọn òrùka pákó tí ó so ilé ẹ̀rọ mọ́ ara rọ́kẹ́ẹ̀tì. Èkejì ni afẹ́fẹ́. Rọ́kẹ́ẹ̀tì dà bí ọfà: ìyẹ́ tí ó wà ní ìdí rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó ṣe ségesège. Bí eré rẹ̀ bá ti ń súnmọ́ ti ohùn, èyí tí í ṣe nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nítòsí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ a máa lọ́ ìyẹ́ náà sọ́tùn-ún sósì. Bí ìyẹ́ náà kò bá le tó, yóò máa gbọ̀n bí ewé inú ìjì títí yóò fi já. Ìkẹta ni ìpadàbọ̀. Nígbà tí páráṣúùtì bá ṣí lójijì, okùn rẹ̀ lè fa etí ara rọ́kẹ́ẹ̀tì ya láti òkè dé ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a fa síìpù. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá fi ìdí àti ìyẹ́ gbá ilẹ̀.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ohun èlò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó rọrùn jù ni ọ̀pá páálí, tí ó dà bí irú èyí tí àwọn oníṣòwò aṣọ máa ń ká aṣọ lé. Ó fúyẹ́, kò wọ́n, ó sì rọrùn láti gé. Má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti fi ọ̀pá páálí lásán àti ìyẹ́ pákó gba ìwé ẹ̀rí ìpele kìn-ín-ní. Àléébù rẹ̀ ni pé ó kórìíra omi, etí rẹ̀ a sì máa tètè ya.

Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni páálí tí a rẹ sínú oje fẹnọ́líìkì, tí a sì fi iná yan. Ó le ju páálí lásán lọ, kì í sì í tètè gbóná. Ṣùgbọ́n líle rẹ̀ dà bí ti àwo tánganran: bí ó bá gbá ilẹ̀ líle, ó lè fọ́. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń fi aṣọ fáíbà bò ó. Ìkẹta ni ọ̀pá tí ó jẹ́ fáíbà látòkè délẹ̀, èyí tí a fi òwú gíláàsì àti oje ẹpọ́sì ká ní ilé iṣẹ́. Ó le, omi kì í ṣe é ní nǹkan kan, ó sì lè gba eré tí ó ju ti ohùn lọ. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì wọ́n.

Ìkẹrin ni kábọ̀nù. Òwú dúdú ni, ó le ju òwú gíláàsì lọ, ó sì tún fúyẹ́ jù ú lọ. Ṣé kí a kúkú fi òun nìkan ṣe gbogbo rẹ̀ nígbà náà? Rárá o. Yàtọ̀ sí pé owó gọbọi ni, kábọ̀nù kì í jẹ́ kí ìró rédíò kọjá. Ẹ̀rọ kékeré tí ń sọ ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bọ́ sí fún ẹni tí ó yìn ín, rédíò ni ó ń lò. Bí a bá fi í sínú imú tí a fi kábọ̀nù ṣe, ńṣe ni yóò dà bí ẹni tí a ti mọ́ inú àgbá tí ó ń kígbe. Fáíbà gíláàsì kò ní irú àléébù yìí.

Ní ti ìyẹ́, pákó pẹlẹbẹ tí a fi igi bírìṣì ṣe ni ó wọ́pọ̀ jù. Awẹ́ pákó tín-ín-rín púpọ̀ ni a lẹ̀ pọ̀, tí a sì jẹ́ kí ìṣàn igi wọn kọjá lórí ara wọn. Ìdí nìyí tí kì í fi í là sí apá kan. Èyí tí ó nípọn tó mìlímítà 3 tó fún rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré. Èyí tí ó tó mìlímítà 6 dára fún èyí tí ó tóbi. Ní ti irin, òfin ààbò ẹgbẹ́ sọ pé ohun fífúyẹ́ bíi páálí, igi, rọ́bà, ike àti fáíbà ni kí a lò. A kò gbọdọ̀ lo irin àfi bí kò bá ṣe é yẹ̀ sílẹ̀, irin náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ń tẹ̀, tí kì í fọ́ wẹ́wẹ́.

Ó lè wá sí ọkàn rẹ pé bí fáíbà bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí a ṣáà máa fi bo gbogbo ara rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ ní ìpele márùn-ún, mẹ́fà. Níbí ni ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ti ń ṣìnà. Jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Mú ọ̀pá kan tí ó fẹ̀ ní sẹ́ńtímítà 10, tí ó sì gùn ní sẹ́ńtímítà 120. Gbogbo ẹ̀yìn ọ̀pá náà jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 0.38. Aṣọ fáíbà tí ó wọ́pọ̀ ń wọn gíráàmù 200 fún mítà onígun mẹ́rin kan. Ìpele aṣọ kan yóò jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 75. Bí a bá fi ọwọ́ lẹ̀ ẹ́ dáadáa, oje tí yóò mu yóò tó ìwọ̀n aṣọ náà fúnra rẹ̀, gíráàmù 75 mìíràn. Ìpele kan di gíráàmù 150. Ìpele mẹ́ta di gíráàmù 450. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gbé gbogbo èyí sókè, páráṣúùtì sì gbọ́dọ̀ gbé e padà.

Èyí tí ó tún léwu jù ni ibi tí ìwúwo náà bọ́ sí. Bí o bá fi okùn so rọ́kẹ́ẹ̀tì rọ̀, ibi kan wà tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ti dọ́gba. Ibi ìdọ́gba yìí gbọ́dọ̀ wà níwájú ibi tí agbára afẹ́fẹ́ ti kó ara jọ sí, ó kéré tán pẹ̀lú ìwọ̀n fífẹ̀ ara rọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Bí a bá di fáíbà jọ sí ìdí àti ìyẹ́ láìníwọ̀n, ibi ìdọ́gba yóò fà sẹ́yìn, rọ́kẹ́ẹ̀tì yóò sì máa takìtì lókè dípò kí ó lọ tààrà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àṣejù, baba àṣetẹ́. Nítorí náà, ibi tí ìyà bá ti ń jẹ rọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí o gbé agbára lọ: ẹsẹ̀ ìyẹ́, etí ọ̀pá níbi tí okùn ti ń fà, àti ìdí tí ń gbá ilẹ̀. Àwọn ibi tí ó kù, ìpele kan tàbí méjì ti tó wọn, bí wọ́n bá tilẹ̀ nílò rẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí oje. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀: pọlíẹ́sítà àti ẹpọ́sì. Pọlíẹ́sítà ni àwọn tí ń tún bọ́ńpà mọ́tò ṣe sábà máa ń lò, nítorí kò wọ́n, ó sì ń yára gan. Ṣùgbọ́n ó ń sún kì nígbà tí ó bá ń gbẹ, òórùn rẹ̀ le, kì í sì í lẹ̀ mọ́ páálí àti igi bí ẹpọ́sì ṣe ń lẹ̀. Ẹpọ́sì ni àwọn onírọ́kẹ́ẹ̀tì yàn. Ohun kan wà tí o gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀: ìwọ̀n oje àti ìwọ̀n hádínà tí ilé iṣẹ́ kọ sára agolo kò ṣe é yí padà. Ẹni tí ó bá rò pé bí òun bá fi kún hádínà ni yóò tètè gbẹ, ara rẹ̀ ni ó ń tàn. Hádínà tí ó ṣẹ́kù kò ní rí oje tí yóò dàpọ̀ mọ́, iṣẹ́ náà yóò sì máa rọ̀.

Mo rí ẹ̀kọ́ kan kọ́ nípa oje ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Wọ́n gbé agbada omi fáíbà kan wá fún wa, ó nípọn, ó ń dán, gbogbo wa sì yìn ín. Kò pé ọdún kan tí èjìká rẹ̀ fi sán láti ìhín dé ọ̀hún, tí àwọn ọmọ sì padà sí odò. Nígbà tí a wo ibi tí ó ti sán, oje ni ó kún ibẹ̀ bámú. Aṣọ inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé aṣọ ni agbára, oje kàn ń dì í mú ni. Oje tí kò ní aṣọ nínú, ìwúwo lásán ni, yóò sì sán.

Bí a ó bá fi fáíbà bo ọ̀pá páálí, báyìí ni a ó ṣe é. Lákọ̀ọ́kọ́, bó awọ dídán tí ó wà lẹ́yìn ọ̀pá náà kúrò, kí o sì fi sáńpépà tí ó rí gbàgì, bíi ti nọ́ńbà 80, ha á, nítorí oje kì í lẹ̀ mọ́ ohun tí ń dán. Nu eruku rẹ̀ nù. Lẹ́yìn èyí, gbé ọ̀pá náà lé orí ohun tí yóò jẹ́ kí o lè máa yí i. Gé aṣọ fáíbà rẹ sílẹ̀ kí o tó po oje, nítorí oje tí a ti pò kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kejì, fi òṣùwọ̀n wọn oje àti hádínà, kí o sì rò ó fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kí o máa há ara àti ìdí ife rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa pò ó, kí o sì dà á sínú àwo pẹrẹsẹ. Bí o bá fi púpọ̀ sílẹ̀ nínú ife jíjìn, ooru rẹ̀ kò ní rí ibi jáde. Yóò gbóná, yóò rú èéfín, yóò sì gan mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta, fi búrọ́ọ̀ṣì pa oje fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sára ọ̀pá, tẹ́ aṣọ lé e, kí o sì máa tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí. Aṣọ náà funfun nígbà tí ó gbẹ. Bí ó bá ti mu oje tán, yóò mọ́ gaara tí o ó fi máa rí ọ̀pá nísàlẹ̀ rẹ̀. Ibikíbi tí ó bá ṣì funfun, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, tàbí kí oje má dé ibẹ̀. Fi ike pẹlẹbẹ gbá oje tí ó bá pọ̀ jù kúrò. Bí o bá fẹ́ kí ojú rẹ̀ dọ́gba, fi aṣọ náílọ́ọ̀nù tí kì í lẹ̀ mọ́ oje wé e. Bí iṣẹ́ bá gbẹ tán, bó o kúrò. Àwọn kan tún máa ń fi iṣẹ́ sínú àpò ọ̀rá, wọn a sì fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ìwúwo afẹ́fẹ́ òde lè tẹ aṣọ náà mọ́lẹ̀ gírígírí, kí oje tí kò wúlò sì jáde.

Ẹ̀kẹrin, bí ìpele kejì bá wà, fi lé e nígbà tí ti àkọ́kọ́ ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ díẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè di ọ̀kan. Bí ó bá ti gan pátápátá, fi omi wẹ̀ ẹ́ kí ọ̀rá tí ó bá yọ sójú rẹ̀ lè kúrò, kí o sì tún fi sáńpépà ha á kí o tó tẹ̀ síwájú. Ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi; ẹni tí ó bá ń kánjú kò lè ṣe iṣẹ́ fáíbà.

Ìyẹ́ ni ó gba ìtọ́jú jù. Má ṣe kàn án lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀pá lásán. La ojú ihò sí ara ọ̀pá, kí ẹsẹ̀ ìyẹ́ lè wọlé títí yóò fi kan ilé ẹ̀rọ nínú, kí a sì lẹ̀ ẹ́ níbi méjèèjì. Igun tí ìyẹ́ àti ọ̀pá ti pàdé, fi oje tí a ti da ìyẹ̀fun sílíkà mọ́ kí ó lè ki dí i, kí o sì fi ìka tàbí ṣíbí fà á kí ó rí roboto. Igun mímú ni ìfọ́ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá rí roboto, agbára yóò pín ara rẹ̀ ká.

Fún rọ́kẹ́ẹ̀tì tí yóò sáré gan-an, a tún máa ń tẹ́ aṣọ fáíbà láti ṣónṣó ìyẹ́ kan, gba orí ọ̀pá, dé ṣónṣó ìyẹ́ kejì, kí ó lè dà bí ẹni pé ara kan ni gbogbo wọn. Aṣọ kọ̀ọ̀kan máa ń tóbi ju èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ, kí ẹsẹ̀ ìyẹ́ lè nípọn ju ṣónṣó lọ. Gé aṣọ náà kí òwú rẹ̀ dábùú ìyẹ́ ní igun 45, nítorí òwú tí ó dábùú ni ó ń kọ̀ fún lílọ́. Lílọ́ náà sì ni afẹ́fẹ́ fi ń ya ìyẹ́. Ṣọ́ra fún ooru pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ẹpọ́sì tí ń gan láìlo iná ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ooru bá tó ìwọ̀n 50 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Nítorí náà, oje tí ó lè fara da iná ni a ń lò nítòsí ẹ̀rọ.

Kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi, rántí ara rẹ. Eruku fáíbà kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, bẹ́ẹ̀ ni ó ń yún ara. Fi ohun ìbomú tí ó lè sẹ́ eruku bo imú, kí o sì máa fi omi rẹ sáńpépà rẹ kí eruku má baà fò. Má ṣe fi ọwọ́ lásán kan ẹpọ́sì. Ó lè kàn ọ́ nígbà mẹ́wàá láìṣe nǹkan kan, kí ara rẹ wá kọ̀ ọ́ ní ìgbà kọkànlá, kí ó sì máa sú ọ lára títí ayé nígbàkígbà tí o bá tún kàn án. Bí ó bá ta sí ọ lára, ọṣẹ àti omi ni kí o fi fọ̀ ọ́.

Ní ìparí, o ti rí i pé kò sí ohun èlò kan tí ó dára fún ibi gbogbo. Páálí ní àyè tirẹ̀, pákó ní tirẹ̀, fáíbà àti kábọ̀nù sì ní tiwọn. Ọlọ́gbọ́n onírọ́kẹ́ẹ̀tì ni ẹni tí ó mọ ibi tí ìyà yóò ti jẹ iṣẹ́ rẹ̀, tí ó gbé agbára lọ síbẹ̀, tí ó sì mú ìwúwo kúrò ní ibi tí ó kù. Irú rọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ni yóò lọ tààrà, tí yóò sì padà wá bá ẹni tí ó yìn ín ní àlàáfíà.

ÀKÍYÈSÍ

Padà sí àròkọ yìí, kí o sì fa ìlà sí abẹ́ gbogbo ibi tí a ti lo 'nítorí', 'nítorí náà' àti 'ìdí'. Wàá rí i pé kò sí ohun èlò kan tí a dárúkọ tí a kò sọ ìwúlò tàbí àléébù rẹ̀. Wàá sì tún rí i pé a kọ́kọ́ sọ ìyà tí ń jẹ rọ́kẹ́ẹ̀tì kí a tó sọ oògùn rẹ̀. Ìtòtẹ̀léra nìyẹn.

IṢẸ́ ṢÍṢE

Kọ àròkọ aṣàlàyé tí kò dín ní 300 ọ̀rọ̀ lórí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí:

1. Bí a ṣe ń yan igi tí a fi ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, àti bí a ṣe ń gbẹ́ ẹ.
2. Bí a ṣe ń tún bọ́ńpà mọ́tò tí ó fọ́ ṣe pẹ̀lú fáíbà.
3. Bí a ṣe ń yan awọ àti igi tí a fi ń ṣe ìlù dùndún.